Sociology ni mo kà, 2:2 ni mo fi jáde: ṣé mo ṣì lè di clinical psychologist?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Sociology ni mo kà ní yunifásítì, 2:2 ni mo sì fi jáde. Mo ti sin ìjọba tán, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ara àbúrò mi ọkùnrin kò yá, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Lẹ́yìn tí a ti gbé e dé orí òkè àdúrà méjì, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fún un lóògùn, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í fún un ní nǹkan kan, tó kàn máa ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní clinical psychologist ni. Iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣe. Ṣé dandan ni kí n tún JAMB ṣe? Ọdún mélòó ló máa gbà? Bí mo bá parí, ṣé mo lè kọ oògùn? Àbí kí n kúkú lọ kà á nílùú ọba? Màmá mi sì ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń tọ́jú wèrè, bó pẹ́ bó yá, orí tirẹ̀ náà á dàrú.

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ. Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún un lálàáfíà sí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oògùn kúrò nílẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Rárá, àwa clinical psychologist kì í kọ oògùn. Ẹni tó kọ oògùn fún àbúrò rẹ, dókítà oníṣègùn ni, psychiatrist. Irú wọn á ka ìṣègùn fún ọdún mẹ́fà, wọ́n á ṣe housejob ọdún kan, kí wọ́n tó wọ residency láti wá mọ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ dunjú. Adeoye Lambo tí àwọn àgbà Abẹ́òkúta ṣì ń dárúkọ rẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Arò lọ́dún 1954, tó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa roko, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú, psychiatrist lòun náà. Àwọn ènìyàn a máa kà á mọ́ wa, ó sì dùn mọ́ wa nínú, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Bó bá jẹ́ oògùn lo fẹ́ máa kọ, lọ ka ìṣègùn.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti orí psychology, ìmọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn ń bá àbúrò rẹ sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì, ojú yín ò tó o. A máa ń ṣe àyẹ̀wò: ẹni tí ọ̀kadà gbá, tí kò wá rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, a ní láti mọ ibi tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa àti ibi tó ṣì pé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò lè kàwé, a ní láti mọ̀ bóyá olódo ni lóòótọ́ ni, àbí kò gbọ́ràn dáadáa, àbí nǹkan kan wà nílé tó ń já a láyà. A ń kọ ìròyìn fún ilé ẹjọ́. A ń jókòó pẹ̀lú ẹbí tó ń jà lórí ẹni tó yẹ kó san owó ìtọ́jú.

Ó wá ku JAMB. O ò ní láti jókòó ṣe UTME pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá ti ní dìgírì lè gba Direct Entry, ọdún kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. JAMB náà ló ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni BSc psychology, tìrẹ á wá di mẹ́ta. Yọ èsì WAEC rẹ wò lónìí: krẹ́díìtì márùn-ún, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ti kó gbogbo ìwé jọ, tó ti sanwó, kó tó rántí pé D7 lòun ní nínú ìṣirò.

Ọ̀nà kan tún wà tó kúrú jù ú lọ, PGD (Postgraduate Diploma). Àwọn yunifásítì kan máa ń fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ ẹni tó ti ẹ̀ka mìíràn wá ní ìpìlẹ̀ psychology. Kó o tó san kọ́bọ̀, lọ bá ẹ̀ka tó o fẹ́ ṣe Masters níbẹ̀, kó o bi wọ́n tààrà pé: ẹni tó ní PGD, ṣé ẹ máa ń gbà á sí clinical? Má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta PGD o. Àwọn ẹ̀ka mìíràn ń gbà á, àwọn mìíràn á gbà á sí ẹ̀yà psychology tó kù, bíi ti iléeṣẹ́ àti òwò, ṣùgbọ́n bó bá di clinical, BSc psychology gan-an ni wọ́n á ní àwọn fẹ́.

Èmi ní tèmi, Direct Entry ni màá ní kó o gbà. 2:2 rẹ yẹn á máa bá ẹ fà á níbi tí ó bá ti di Masters, torí àwọn tó ń du àyè clinical pọ̀, àyè ò sì pọ̀. BSc tuntun tó o bá fi 2:1 jáde níbẹ̀ á jẹ́ kí ẹnu wọn ó wọlé. Wọn ò sì ní ní kó o tún lọ sin ìjọba. Sociology tó o kà ò ṣòfò: statistics tí yóò máa lé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ lójú oorun, o ti rí ojú rẹ̀ rí.

Ìṣirò ọdún rẹ̀ rèé. Mẹ́ta fún BSc, Masters tí wọ́n á pè ní ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì, àti ọdún kan fún internship nílé ìwòsàn. Ó tó ọdún mẹ́fà, bí ASUU ò bá yanṣẹ́ lódì. Lọ́dún 2022, oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà nínú Masters nígbà yẹn, kò sí ẹni tó dá oṣù mẹ́jọ náà padà fún wọn. Ó pẹ́, mi ò ní tàn ẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí Ìbàdàn lo wà, o kúkú sún mọ́ ọn: ẹ̀ka psychology wà ní UI, Masters nínú clinical sì wà níbẹ̀ àti ní UNILAG. UCH náà kò jìnnà sí ẹ.

Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, o ò ní fojú kan aláìsàn tó bẹ́ẹ̀. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, bí a ṣe ń ṣe ìdánwò tó ṣe é gbára lé, bí a ṣe ń ṣèwádìí, ohun tó o máa kà nìyẹn. Ó máa sú ẹ. Ó sú èmi náà.

Masters ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí dáadáa, torí nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, òun ni màá fẹ́ kó o mú dání. Ìwé ẹ̀rí kọ́ ló ń sọ ènìyàn di clinical psychologist. Wákàtí tó o lò pẹ̀lú aláìsàn, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ọ́ lọ jókòó tì ẹ́, tó ń wò ẹ́, tó ń tún ọwọ́ rẹ ṣe, òun ni. Bí o bá ń yan ilé ẹ̀kọ́, má béèrè bí ilé gogoro wọn ṣe ga tó. Béèrè pé ilé ìwòsàn wo lẹ máa ń rán wa lọ? Oṣù mélòó? Ta ló máa jókòó tì wá níbẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè dá ẹ lóhùn kíákíá, fi wọ́n sílẹ̀.

Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo kọ, ojú ewé méjì ni, mo sì rò pé ó dára. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìsàn náà kọ̀ láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ọ̀gá mi fa bírò pupa sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́: «Kí ló ṣe?» Mo ní ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ní kí ló tún ṣe? Mo ní ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní kí n lọ kọ bẹ́ẹ̀, pé ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí mo tún padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní oògùn tí wọ́n ń fún un ló ń mú ebi pa á bí ẹni tí kò jẹun rí, pé aago mẹ́wàá tí mo máa ń wá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún wọn.

Èkejì tí mi ò gbàgbé ni ti bàbá kan tó ń ṣe rewáyà mọ́tò. (Mo ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Wọ́n ti yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ti ya àwòrán orí rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó ní nǹkan ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lágbárí òun, orí òun sì ń gbóná. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kíláàsì dé, ìwé PHQ-9 tí a fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò wà lọ́wọ́ mi: ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, òdo sí mẹ́ta lórí ìkọ̀ọ̀kan, 27 ni gbogbo rẹ̀. Ìwé tó dára ni o. Lọ́dún 2006 wọ́n ti tẹ ìwádìí jáde nípa bó ṣe ṣiṣẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà. Mo bi bàbá pé ṣé ọkàn yín máa ń rẹ̀wẹ̀sì? Ó ní, «Rárá o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.» Ṣé ìgbésí ayé ti sú yín? «Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!» Òdo, òdo, òdo. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ọ̀gá mi tó jókòó sí kọ̀rọ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó ní, «Bàbá, aago mélòó lẹ máa ń jí lóru?» Bàbá ní aago méjì. «Kí lẹ wá máa ń rò láago méjì?» Bàbá dákẹ́. Ó dákẹ́ títí tí mo fi fẹ́ là á lóhùn, ọ̀gá mi sì fojú sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló dárúkọ, èyí tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tí wọn kò gbóhùn rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ nǹkan tó ń rìn lágbárí ò wáyé mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Ọdẹ orí ni àwọn bàbá wa ń pè é, dókítà Makanjuola sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn lọ́dún 1987. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1982, Peter Ebigbo, clinical psychologist ní Enugu, ti ṣe ìwé ìbéèrè kan tó jẹ́ pé ohun tí ara ń sọ ló dá lé: orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn lára, irú bẹ́ẹ̀. Ó ti rí i pé ẹni tí o bá bi ní ìbéèrè tó wá láti òkè òkun á ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ nǹkan wà. Nínú ilé Yorùbá, a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wá. Ẹni tó bá ní ayé ti sú òun, ó ti ṣépè fún ara rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí o bá dé kíláàsì tí o rí àwọn tí ń tijú èdè wọn, má bá wọn tijú. Àbúrò rẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bi í bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin yẹn ń sọ sí i.

Internship ọdún kan, bíi kó jẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò tàbí ní Yábàá, tàbí nílé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, òun ló máa fìdí gbogbo ìyẹn múlẹ̀. Àyè rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ènìyàn a sì máa dúró kí wọ́n tó rí i. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kó o tó parí Masters. Ẹgbẹ́ wa, Nigerian Association of Clinical Psychologists, wà. Dara pọ̀ mọ́ ọn láti ìgbà tó o ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ibi tí àyè wà. PhD kì í ṣe dandan láti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn níbí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì ló nílò rẹ̀.

Òfin tó ń darí ìtọ́jú ọpọlọ ní Nàìjíríà ti yí padà láìpẹ́, oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí Mental Health Act. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀, Lunacy Act ni orúkọ rẹ̀, láti 1958, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wà láti 1916. Orúkọ yẹn nìkan ti tó. Lábẹ́ òfin tuntun, aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n á sì bi ẹ́ nípa rẹ̀ nínú ìdánwò.

Ìlú ọba ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tó ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn agent tó ń fi ènìyàn ránṣẹ́ á sọ fún ẹ pé Masters ọdún kan wà tí wọ́n ń pè ní MSc Clinical Psychology, pé tó o bá parí rẹ̀, o ti dé bèbè. Irọ́ ni. Masters yẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di clinical psychologist nílùú ọba. Láti oṣù keje ọdún 2009 ni orúkọ yẹn ti wà lábẹ́ òfin níbẹ̀: bí orúkọ rẹ kò bá sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń gbé àwọn tó kàwé níbẹ̀ dé inú ìwé náà ni DClinPsy, dìgírì dókítà ọlọ́dún mẹ́ta. NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ló ń sanwó ilé ẹ̀kọ́, ó tún ń san owó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí òṣìṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń du àyè náà, tí ọmọ ibẹ̀ gan-an fi lè ṣe assistant psychologist tàbí kó máa tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn fún ọdún bíi mélòó kan kó tó wọlé. Àwọn tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ṣe owó NHS yẹn fún. Àwọn yunifásítì kan á gba ọmọ òkèèrè tó máa san tirẹ̀ fúnra rẹ̀, owó náà á sì lé ẹ sá.

Fún ẹni tó ti ẹ̀ka mìíràn wá bíi tìrẹ, conversion ló kọ́kọ́ máa ṣe níbẹ̀, Masters ọdún kan tí British Psychological Society fọwọ́ sí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan DClinPsy. Ẹni tó bá ti parí gbogbo tirẹ̀ ní Nàìjíríà náà lè kọ̀wé sí HCPC, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ti ṣe wé ohun tí wọ́n ń béèrè. Wàyí o, rántí ohun tí mo sọ nípa wákàtí pẹ̀lú aláìsàn. Ìwé tó o bá kọ gbogbo wákàtí rẹ sí, tí ọ̀gá rẹ bá ń fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pa á mọ́ bí ìwé ilẹ̀. Mo ti rí ẹni tó lọ́dún méje lẹ́nu iṣẹ́, tí kò ní ìwé kan ṣoṣo tó fi lè sọ ohun tó ṣe.

Amẹ́ríkà gùn ju èyí lọ. Wọn kì í béèrè Masters dandan: láti BSc ènìyàn lè wọ PhD tàbí PsyD (dìgírì dókítà tó dá lé iṣẹ́ ìtọ́jú ju ìwádìí lọ), ọdún márùn-ún, mẹ́fà, tó fi mọ́ internship ọdún kan, lẹ́yìn náà ìdánwò EPPP àti ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ní PhD, ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń sanwó fún ẹ torí ìwádìí tó o máa bá wọn ṣe. Ní PsyD, ìwọ lo sábà máa ń san án, gbèsè ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀.

Ó wá ku màmá. Àìsàn ọpọlọ kì í ràn. Ṣùgbọ́n màmá kò ṣàṣìṣe pátápátá, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́ wúwo. Ọdún tí mo ṣe internship, àìmọye òru ni mi ò sùn nítorí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan, ọ̀gá mi ló sì rí i lójú mi kí n tó sọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kó o wá ẹni tó máa jókòó tì ẹ́.

Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún tí mo parí, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wá bá mi nílé lálẹ́, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní, «Jọ̀ọ́, bá a sọ̀rọ̀, kò lè sùn.» Mo ní Màámi, mi ò lè tọ́jú ẹni tí ó mọ̀ mí láti kékeré, kò bá ìlànà iṣẹ́ wa mu, àmọ́ mo ní ẹlẹgbẹ́ kan tó dára. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí, ó ní kí n fi nọ́ńbà ẹlẹgbẹ́ mi yẹn ránṣẹ́.